Bí àyà bá ń fún, ẹ má dúró de òwúrọ̀: àlàyé lórí ìkọlù ọkàn

Nígbàkúùgbà tí ìròyìn bá jáde pé gbajúmọ̀ kan ṣubú lulẹ̀, tó sì kú kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn èèyàn: "Hẹ́ẹ̀tì átáàkì ni." Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹnì kan á ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹlòmíràn á ní rárá o, ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kẹta á ní rọpárọsẹ̀ ló kọ lù ú. Bí wọ́n bá ṣe ń jiyàn náà lọ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á di ọ̀kan náà létí ẹni tó ń gbọ́.

Ewu wà nínú àdàlù yìí. Ẹni tó bá gbà pé ìkọlù ọkàn (hẹ́ẹ̀tì átáàkì) ni pé kí èèyàn kàn ṣubú gbì kó sì kú, kò ní dá a mọ̀ nígbà tó bá ń yọ́ bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló máa ń wá bá ọ̀pọ̀ èèyàn.

Bó ṣe wá bá àbúrò ìyá mi ọkùnrin nìyẹn. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, ó jókòó sétí ibùsùn, ó tú bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ méjì tó wà lókè, ó di ìkúùkù, ó sì fi tẹ àárín àyà rẹ̀. Ó ní kò dun òun, pé ó kàn dà bíi pé ẹnì kan gbé ẹrù lé òun láyà ni. Fáànù ń fẹ́ sí i lára, síbẹ̀ òógùn ń kán tótó níwájú orí rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ tutù. Ó gùfẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ṣé ẹ rí i, afẹ́fẹ́ ló há sí mi láyà." Wọ́n fún un lómi gbígbóná mu. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n apá kan nínú ọkàn rẹ̀ ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Títí dòní, tó bá gun àtẹ̀gùn kan tán, ó ní láti dúró mí kó tó gbẹ́sẹ̀ lé òmíràn.

Nítorí wákàtí mẹ́sàn-án yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí.

## Kí ni ìkọlù ọkàn gan-an?

Nínú èdè wa, ọkàn ní ìtumọ̀ méjì: èyí tó ń lù kì-kì-kì nínú igbá àyà, àti èyí tí a fi ń ronú, tí a fi ń nífẹ̀ẹ́ èèyàn. Èyí tó ń lù ni mo ń sọ níbí. Ẹran líle ni, kò tóbi ju ìkúùkù ẹni tó ni ín lọ, ó sì ń lù tó ìgbà 100,000 lójúmọ́ láti máa ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Bí a sùn, kì í sùn.

Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ọkàn kọjá kọ́ ni ọkàn fi ń bọ́ ara rẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀ agbépo. Epo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í fọwọ́ kan epo ẹ̀yìn yẹn. Ó ní táǹkì tirẹ̀ lọ́tọ̀, àti páìpù tín-ín-rín kan tó ń gbé epo lọ bá ẹ́ńjìnnì. Bí páìpù yẹn bá dí, ọkọ̀ á kú sójú ọ̀nà tòun ti gbogbo epo tó gbé.

Bí ọkàn ṣe rí nìyẹn. Ó ní òpó ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀: méjì ló yọ lára òpó ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde, ọ̀kan gba ọ̀tún, ọ̀kan gba òsì, wọ́n sì pín sí ẹ̀ka-ẹ̀ka bo ọkàn. Wọn ò fẹ̀ rárá. Mílímítà mẹ́ta sí mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ wọn níbi tí wọ́n ti fẹ̀ jù. Ìkọlù ọkàn ni pé kí ọ̀kan nínú wọn dí. Ẹran ọkàn tó ń ti ibẹ̀ jẹun kò ní rí ẹ̀jẹ̀ mọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Kí ló ń dí i? Ọ̀rá ni, tó ń kóra jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún sábẹ́ awọ inú òpó, bí eéwo ṣe ń gbára jọ sábẹ́ awọ ara. Lọ́jọ́ kan, awọ tó bo eéwo yẹn á ya. Ara á rò pé ọgbẹ́ ni, á sì sáré fi ẹ̀jẹ̀ dídì bò ó, bó ṣe máa ń ṣe tí ọ̀bẹ bá gé wa níka. Ẹ̀jẹ̀ dídì tó ń gbà wá lọ́wọ́ ọgbẹ́ ni yóò wá dí ọ̀nà tí ọkàn fi ń jẹun. Èyí ló fà á tí ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá lánàá, tó tún rìn jìnnà láìmí hẹlẹ, fi lè wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn lónìí. Eéwo kékeré tí kò tíì dí ọ̀nà rárá lè bẹ́ lójijì.

## Báwo ló ṣe yàtọ̀ sí àwọn orúkọ yòókù?

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan. Bí páìpù omi tó lọ sí yàrá kan bá dí, ìkọlù ọkàn nìyẹn: yàrá yẹn wà nínú ewu, ṣùgbọ́n iná ṣì ń tàn nínú ilé. Ẹni tó ní ìkọlù ọkàn sábà máa ń wà lójú, á máa sọ̀rọ̀, nígbà mìíràn á tiẹ̀ máa jiyàn pé kò sí nǹkan tó ṣe òun.

Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ pátápátá nínú gbogbo ilé, ìyẹn ni ọkàn tó dáṣẹ́ sílẹ̀. Iná kékeré kan ló ń pàṣẹ fún ọkàn pé kó lù. Tí àṣẹ yẹn bá dàrú, ọkàn á máa gbọ̀n jẹ̀jẹ̀ láìlè ti ẹ̀jẹ̀ lọ síbì kankan. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹni náà á dákú, kò sì ní mí dáadáa mọ́. Ìkọlù ọkàn jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó lè fa èyí, ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi máa ń lọ́ mọ́ra wọn nínú ìròyìn. Àkọ́kọ́ lè bí èkejì. Ìgbà tí àkọ́kọ́ ń lọ lọ́wọ́, tí èkejì kò tíì dé, ni àyè tí a ní láti gba ẹ̀mí là.

Rọpárọsẹ̀ ní tirẹ̀, inú ọpọlọ ni òpó ti dí tàbí ti bẹ́. Àmì rẹ̀ ni pé ẹnu á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá kan kò ní ṣeé gbé, ọ̀rọ̀ kò sì ní já gaara. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ìkọlù rárá: agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri òpó ló pọ̀ jù, tó ń ba òpó jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, ó sì wà lára ohun tó ń la ọ̀nà fún àwọn tó kù.

## Báwo ló ṣe máa ń ṣe èèyàn?

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ kà, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣì wá lọ́nà: "ìrora." A ń retí ìrora tó mú bí abẹ. Ìkọlù ọkàn kì í sábà mú bẹ́ẹ̀. Àyà á máa fún, bíi pé wọ́n fi ìgbànú dì í. Á wúwo, bíi pé wọ́n gbé òkúta lé e. Ó lè há, ó lè kún, ó lè máa jó fòò bí àyà títa. Ẹ bi aláìsàn pé, "Ṣé àyà ń dùn yín?" ó lè dáhùn tọkàntọkàn pé rárá. Ẹ bi í pé, "Ṣé ó ń fún yín, àbí ó wúwo?" á mi orí. Bó ṣe rí fún àbúrò ìyá mi nìyẹn.

Àárín àyà ló sábà máa ń wà, tàbí kó fì sí òsì díẹ̀. Kì í ṣe ojú kan tí èèyàn lè fi ìka kan tọ́ka sí. Ó máa ń fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ. Samuel Levine, dókítà ọkàn kan ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, kíyè sí i pé tí òun bá bi irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń ṣe é, yóò di ìkúùkù, yóò sì fi tẹ àárín àyà. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ ni àwọn dókítà ṣì fi ń pe àmì ìkúùkù yẹn.

Ó lè tàn dé èjìká, dé apá, dé ọrùn, dé àgbọ̀n, dé eyín pàápàá, dé ẹ̀yìn láàárín egungun èjìká méjèèjì, tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ sí òkè ikùn. Gbogbo èèyàn ló mọ apá òsì, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ọ̀tún, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Kí ló kan apá nínú ọ̀rọ̀ ọkàn? Àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora láti ọkàn àti àwọn tó ń gbé e láti apá jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni. Nígbà tí ìròyìn bá dé ọpọlọ, kò dá a mọ̀ ẹni tó rán an. Ọkàn ló ń ké, ọpọlọ rò pé apá ni.

Àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ tún wà: òógùn tútù tó bo ara láìjẹ́ pé ooru mú, èémí tí kò délẹ̀, èébì tó ń gbéni, òòyì, àárẹ̀ tó dé lójijì tó fi jẹ́ pé gbígbé apá di iṣẹ́. Àwọn kan á tún ní ẹ̀rù kan bò wọ́n, bíi pé ikú wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣàwàdà tí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan. Àwọn dókítà pàápàá kì í fojú di í.

Bí ohunkóhun nínú èyí bá wà fún ìṣẹ́jú mélòó kan tí kò lọ, tàbí tó ń lọ tó ń padà, ẹ pè fún ìrànlọ́wọ́. Kò dìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé.

## Ṣé ó ṣeé ṣe kí àyà má ṣe nǹkan kan?

Ó ṣeé ṣe, ohun tó ń ba àwọn dókítà lẹ́rù nìyẹn. Lọ́dọ̀ obìnrin, àyà tó ń fún ṣì ni àmì tó wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn àmì yòókù máa ń pọ̀ lára wọn ju ti ọkùnrin lọ: èémí tí kò délẹ̀, èébì, ẹ̀yìn tàbí àgbọ̀n tó ń dùn, àárẹ̀ tí kò nídìí. Nítorí pé àwòrán tí a ti mọ̀ tipẹ́ ni ti ọkùnrin arúgbó tó di àyà mú, obìnrin tó ní irú àmì yìí ni wọ́n ń sọ fún pé àníyàn lásán ni, kó lọ sinmi. Òun náà á sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mí púpọ̀, torí pé àwọn tó máa ń sáré gbé ẹlòmíràn lọ sílé ìwòsàn ni wọ́n ń gbàgbé ara wọn.

Ẹni tó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà wà nínú ewu mìíràn. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń ba àwọn iṣan tó ń gbé ìrora jẹ́, débi pé agogo ìkìlọ̀ kò ní dún tàbí kó dún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò fún nǹkan mìíràn ni wọ́n tó gbọ́ pé ìkọlù ọkàn ti ṣe wọ́n rí. Lára àgbàlagbà, ó lè jẹ́ èémí tí kò délẹ̀ nìkan, tàbí kí màmá tàbí bàbá kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège lójijì, kí ó máa sọ̀rọ̀ tí kò bára mu.

Fún irú àwọn wọ̀nyí, àti fún ẹni tó ń mu sìgá, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọ̀rá púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tàbí ẹni tí bàbá tàbí arákùnrin rẹ̀ ti ní àrùn òpó ọkàn kí ó tó pé ọmọ ọdún 55, tàbí tí ìyá tàbí arábìnrin rẹ̀ ti ní in kí ó tó pé 65, ìfura díẹ̀ ti tó láti gbéra.

## Ṣé kì í ṣe afẹ́fẹ́ tàbí àyà títa lásán?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìrora tó gún yín lẹ́ẹ̀kan tó sì lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, tàbí tó ń pọ̀ sí i tí ẹ bá fi ìka tẹ ojú ibẹ̀, kì í sábà jẹ́ ti ọkàn. Ṣùgbọ́n "kì í sábà" ni mo sọ. Ọ̀nà ọ̀fun tó ń gbé oúnjẹ lọ sínú ikùn wà lẹ́yìn ọkàn gan-an, àwọn méjèèjì sì jọ ń lo iṣan ìrora tó fara kọ́ra. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó gbọ́n jù kò fi lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí èèyàn gùfẹ̀ kó sì rí ìtura kò fi hàn pé kì í ṣe ọkàn. Kó mu oògùn àyà títa kó sì lọ sílẹ̀ díẹ̀, ìyẹn náà kò fi hàn.

Ìrora kan wà tó ń wá tí èèyàn bá ń rìn kíákíá tàbí tó ń gun òkè, tó sì ń lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tó bá ti dúró sinmi. Àwọn dókítà ń pè é ní angina. Òpó ti há, ṣùgbọ́n kò tíì dí. Ẹni tó bá ní in gbọ́dọ̀ rí dókítà láìpẹ́. Bó bá wá yí padà, tó ń wá nígbà tí èèyàn jókòó jẹ́ẹ́, tàbí tó ń pẹ́ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ láìpẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni.

## Kí ló dé tí ìṣẹ́jú fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Láti ìgbà tí òpó bá ti dí pátápátá, ẹran ọkàn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. Á máa kú lọ láti inú bọ̀ síta, bí iná ṣe ń jẹ ewé gbígbẹ lọ. Tó bá fi máa tó wákàtí mẹ́fà, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí yóò kú ti kú. Ọgbẹ́ ara máa ń jinná, ṣùgbọ́n ẹran ọkàn tó ti kú kì í hù padà. Àpá líle ni yóò rọ́pò rẹ̀, àpá kì í sì í ti ẹ̀jẹ̀.

Ìdí kejì ni èyí tí mo sọ lókè, pé ọkàn tí ebi ẹ̀jẹ̀ ń pa lè dáṣẹ́ sílẹ̀ nígbàkúùgbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ìkọlù ọkàn ń pa ló jẹ́ pé wákàtí àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kú, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé àrùn ọkàn àti ti òpó ẹ̀jẹ̀ pa nǹkan bí 17.9 mílíọ̀nù èèyàn lágbàáyé ní ọdún 2019, àti pé ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ló pa 85 nínú ọgọ́rùn-ún wọn.

Kí ló wá ń dá àwọn èèyàn dúró? Ìtìjú ni, ju ohunkóhun lọ. "Tí mo bá débẹ̀ tí wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe mí ńkọ́?" "Mi ò fẹ́ jí àwọn ọmọ lóru." Àwọn mìíràn á kọ́kọ́ pe ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n á pe àbúrò, ìpàdé mọ̀lẹ́bí á bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù nígbà tí ọkàn ń kú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí dókítà tó dáńtọ́ tí yóò bínú sí ẹni tó wá torí àyà rẹ̀ ń fún. Kí wọ́n dá yín padà sílé pé afẹ́fẹ́ ni, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn.

## Kí ni ká ṣe lójú ẹsẹ̀?

Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì ibi tí ẹ wà. 112 ni ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, 911 ní Amẹ́ríkà, 999 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má fi "ara rẹ̀ kò yá" lásán bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní ṣókí: "Àyà ń fún un láti nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń làágùn, mo fura pé ọkàn ni." Ẹ sọ ibi tí ẹ wà, ẹ má sì tíì pa fóònù títí wọ́n á fi ní kí ẹ pa á.

Ẹ jẹ́ kó jókòó. Ìjókòó tó dára jù ni kó jókòó sílẹ̀, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kó ká orúnkún. Tó bá dákú, kò ní ga jù láti ṣubú. Ẹ tú ohun tó bá fún un lọ́rùn. Kó má rìn káàkiri, kó má gun àtẹ̀gùn, kó má sì wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀, torí tó bá dákú nídìí ọkọ̀, kì í ṣe òun nìkan ni yóò kú. Níbi tí ọkọ̀ pàjáwìrì kò sí tàbí tó máa ń pẹ́, ẹlòmíràn ni kó wa ọkọ̀, ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ ECG (ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ọkàn ṣe ń rìn) àti dókítà ní gbogbo wákàtí ni kí ẹ sì kọrí sí, kì í ṣe ibi tí wọ́n kàn ti ń ta oògùn.

Ọ̀rọ̀ aspirin wá kù. Bí ẹni náà bá wà lójú, tí aspirin kì í bá a jà, tí kò ní ọgbẹ́ inú tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí àwọn tí ẹ pè sì fọwọ́ sí i, kó rún 300 miligíráàmù lẹ́nu kó tó gbé e mì, torí pé rírún ló ń jẹ́ kó tètè ṣiṣẹ́. Aspirin kò lè tú ẹ̀jẹ̀ tó ti dì, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí òmíràn máa rọ́ lé e. Ní ọdún 1988, àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde lórí àwọn aláìsàn tó lé ní 17,000 tí wọ́n fura sí pé ìkọlù ọkàn mú wọn: lára àwọn tó lo aspirin, ikú tó tọwọ́ ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ wá fi bí 23 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Oògùn olówó pọ́ọ́kú tó ṣe irú iṣẹ́ yẹn kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹnu ló wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan kò sì ṣeé gbé, ẹ má fún un ní aspirin o. Ìyẹn lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú ọpọlọ, aspirin á sì mú un burú sí i.

Ẹ má fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹlòmíràn. Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín kiri lórí fóònù gbọ́, pé kí ẹni tó dá wà máa wúkọ́ kíkankíkan kí ọkàn rẹ̀ má baà dúró. Ìgbà tó yẹ kó fi pe nọ́ńbà pàjáwìrì, kó sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ de àwọn tó ń bọ̀, ni ikọ́ yẹn yóò jẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

## Tó bá ṣubú tí kò mí mọ́ ńkọ́?

Nígbà náà, ọkàn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ yín ni ọkàn rẹ̀ báyìí. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ líle. Ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan lé àárín àyà, ẹ fi ọwọ́ kejì lé e, ẹ na apá yín gbọnrangandan, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kó má ju mẹ́fà lọ. Ẹ jẹ́ kó gbéra padà kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Kó yá: ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ lè gbọ́ kí egungun ìhà ró kẹ́kẹ́. Ẹ má dúró torí ìyẹn. Egungun á jinná.

Láti ọdún 1960 tí àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní yunifásítì Johns Hopkins, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé pé ọwọ́ lásán lè gbé ẹ̀jẹ̀ lọ dé ọpọlọ láìjẹ́ pé wọ́n la àyà, ọ̀nà yìí ló ti ń gba ẹ̀mí là. Fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ àyà, tí ẹ̀rọ kò sì tíì ta ọkàn jí, ìrètí pé ẹni náà á yè fi nǹkan bí méje sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Bí ẹ̀rọ AED, tó ń fi iná ta ọkàn jí, bá wà nítòsí, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ rán ẹnì kan lọ mú un wá. Tí ẹ bá ti tàn án, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa sọ ohun tí ẹ máa ṣe.

## Kí ni wọ́n á ṣe ní ilé ìwòsàn?

Ohun àkọ́kọ́ ni ECG: wọ́n á lẹ wáyà pẹlẹbẹ mọ́ àyà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ẹ̀rọ á sì ya bí iná ọkàn ṣe ń rìn sórí bébà. Willem Einthoven ará Netherlands ló ṣe ẹ̀rọ tó sọ èyí di ohun tó ṣeé lò, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel torí rẹ̀ ní ọdún 1924. Kò dunni. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ bá dé ló yẹ kí wọ́n ti ṣe é, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún un.

Wọ́n á tún gba ẹ̀jẹ̀ láti wá troponin, ohun kan tó jẹ́ pé inú ẹran ọkàn ló ń gbé, tó máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹran náà bá fara pa. Kì í jò lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe lè gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n ní kí ẹ dúró, kí wọ́n tún gbà á lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹ má bínú lọ sílé. ECG àkọ́kọ́ náà lè má fi nǹkan kan hàn, kí èkejì sì fi hàn.

Tó bá jẹ́ pé òpó ti dí lóòótọ́, ọ̀nà méjì ló wà láti ṣí i. Wọ́n lè fún aláìsàn ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì. Wọ́n sì lè ki wáyà tín-ín-rín kan láti ọrùn ọwọ́ tàbí abẹ́ itan lọ dé ọkàn, kí wọ́n fẹ́ bàlúùnù kékeré kan níbi tó dí, kí wọ́n sì fi irin kékeré bí àwọ̀n gbé ojú ọ̀nà dúró. Dókítà Andreas Grüntzig ló kọ́kọ́ fi bàlúùnù ṣí òpó ọkàn ẹni tó wà lójú, ní ìlú Zurich ní Switzerland ní ọdún 1977. Ọ̀nà méjèèjì dára jù tó bá jẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn wákàtí méjìlá, àǹfààní wọn ti dín kù púpọ̀. Àbúrò ìyá mi dé ní wákàtí kẹsàn-án. Wọ́n ṣí òpó náà, ṣùgbọ́n ohun tó ti kú ti kú.

Kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn, bí wọ́n ní ọkàn ni o, bí wọ́n ní kì í ṣe òun ni o, ẹ gba ẹ̀dà ECG yín, ẹ yà á sórí fóònù. Lọ́jọ́ mìíràn tí àyà bá tún fún, bébà yẹn ni dókítà tí kò mọ̀ yín rí yóò fi wé tuntun, tí yóò fi mọ̀ lójú kan náà bóyá nǹkan ti yí padà.